Rárà Tí Ẹ Ò Jẹ́ Kó Parí: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Alábòójútó Ilé Sinimá Kan ní Ìbàdàn

Sí Alábòójútó ilé sinimá tí a wá lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ kú àbójútó èrò.

Ẹ mọ ara yín, ẹ sì mọ̀ mí. Èmi ni obìnrin tó wọ ìró àti bùbá àdìrẹ wá bá yín lọ́fíìsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí ẹ ní kó jókòó, tí kò jókòó. Mi ò ní dárúkọ ilé sinimá yín síbí. Mi ò ní dárúkọ fíìmù náà pẹ̀lú, torí àwọn tó ṣe é ò ṣẹ̀ mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ tèmi ba ọjà wọn jẹ́. Àmọ́ gbangba lẹ ti lé wa, gbangba náà ni mo fẹ́ ká ti sọ ọ́, kí àwọn tó ní ilé sinimá níbòmíràn náà lè bá wa gbọ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Àwa mẹ́rìnlá tá a ń ta aṣọ ní Gbági tuntun dá owó jọ, ₦5,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦70,000 lápapọ̀, láti lọ wo fíìmù kan tí gbogbo ọjà ń sọ. A ran aṣọ kan náà. A dé ṣáájú aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí ẹ kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí fíìmù parí, ọmọkùnrin méjì tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú, wọ́n ní ká dìde, ká máa lọ, pé ariwo wa pọ̀ jù. A dìde. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wá bi yín léèrè, ohun méjì lẹ sọ fún mi. Ẹ ní ilé sinimá kì í ṣe òde ìnáwó. Ẹ tún ní ẹ ti gbé fíìmù náà kúrò ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí pé àwọn òǹwòran ò gba tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà. Mo ti rí èsì báyìí.

Kí n tó máa ka ẹ̀sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn fíìmù náà fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ọmọ ìyá méjì ni, obìnrin méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ti lé lógójì ọdún, kò tíì lọ́kọ, ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ tó ń tà ló fi rán àbúrò rẹ̀ ní yunifásítì. Lálaalẹ́, bó bá ti fọ ìkòkò tán, á pe ètò orí rédíò kan, á máa fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ bá olóòtú ètò náà sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀ wọ́n. Ọkùnrin náà ò rí i rí, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ti gbà á lọ́kàn, ó bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fojú hàn, kò fojú hàn. Ó sú u, ó wá ìyàwó síbòmíràn. Ọjọ́ kan ni àbúrò mú àfẹ́sọ́nà wálé láti Èkó. Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe gbọ́ ohùn ní pálọ̀ báyìí, ó dá a mọ̀, ó sì pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òun ò ní lanu mọ́ níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin yẹn bá ń wọlé àwọn. Ó sọ ara rẹ̀ di odi nítorí àbúrò rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká máa mú un níkọ̀ọ̀kan.

1. Ẹ ní a pariwo.

A pariwo lóòótọ́, mi ò ní bá yín jiyàn ìyẹn. Irú ariwo tó jẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí ẹ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu tó sá wọ kíṣìnnì, gbogbo ilé ló hó. Nígbà tó tún jáde, tó ń fi ọwọ́ júwe pé ọbẹ̀ ti jinná, tí ìyá rẹ̀ ń bi í bóyá ọ̀fun ló ń dùn ún ni àbí àwọn ayé ló ti gba ohùn rẹ̀ lọ, a rẹ́rìn-ín débi tí gèlè ìyá kan fi bọ́ sórí ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni náà gbé gèlè fún un, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Láàárín fíìmù, ilé pín sí méjì. Àwa àgbààgbà ń sọ fún ẹ̀gbọ́n pé, "Lanu, ìwọ ọmọ yìí, tìẹ ni!" Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn, ó jọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ń ké pé, "Má sọ̀rọ̀ o! Ṣé o ò rí i pé àbúrò ẹ fẹ́ràn ẹ̀ ni?" Ọmọkùnrin kan nínú wọn tiẹ̀ dìde, ó kọjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ìfẹ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò." Ìyá kan dá a lóhùn nínú òkùnkùn pé, "Ìfẹ́ lè máà mọ̀ ọ́n. Ilé mọ̀ ọ́n." Àwọn ọ̀dọ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀gá, àwọn tí kò mọra rí ló ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí ẹ̀gbọ́n jẹ àbúrò àti ohun tí àbúrò jẹ ẹ̀gbọ́n. Nílé tiwa, ìpàdé ẹbí ni wọ́n máa ń pè kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì ti jà kó tó dé ìdajì. Nínú gbọ̀ngàn yín, ẹ̀rín la fi ń sọ ọ́.

Mo ka èrò kí iná tó kú, torí ojú ọlọ́jà ni ojú mi, kò lè wo ibi tí èrò pọ̀ sí kó má kà á. Ẹni 61 ni wá. Ẹnì kan ló lọ fi ẹjọ́ wa sùn. Mo rí i nígbà tó jáde, mo rí i nígbà tó bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wọlé padà. Ẹ yọ àwa 14 kúrò, ẹ yọ òun náà kúrò: ó ku 46. Ta ló bi àwọn yẹn léèrè?

Mi ò sọ pé a ò jẹ̀bi rárá. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, oníbàárà tó fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ ẹtù tó ní kí n wá fún òun ti dé ni, mo sì gbé e. Ọ̀kan lára wa tó ti wo fíìmù náà tẹ́lẹ̀ sọ ohun tó ń bọ̀ síta lẹ́ẹ̀mejì. Èmi gan-an ni mo fún un ní ìgbọ̀nwọ́. Bó bá jẹ́ pé orí ìyẹn lẹ ti bá wa wí ni, ẹ̀bẹ̀ là bá máa bẹ̀.

2. Ibi tí ẹ ti lé wa gan-an.

Ìyẹn ló mú mi kọ ìwé yìí. Àwọn tó kù, à bá gbé wọn mì.

Nínú fíìmù náà, ó ku ọ̀la kí ìgbéyàwó wáyé. Àbúrò tó ti fi Èkó ṣelé ò mọ rárà ìyàwó, ewì ẹkún tí ìyàwó ń sun kó tó lọ ilé ọkọ, kò mọ ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀. Ìyá bàbá wọn yarí, ó ní òun ò gbà, pé ọmọ Ìsẹ́yìn kì í wọlé ọkọ bí ẹni wọ mọ́tò. Ni wọ́n bá fi aṣọ bo ìyàwó lórí, ẹ̀gbọ́n rá wọ abẹ́ aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló ń sun rárà, àbúrò kàn ń ṣí ẹnu pa dé. Níbi tí ohùn bá ti ń sunkún, ìyàwó á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí fótò. Ó tiẹ̀ ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. Àwa ń rẹ́rìn-ín, ikùn ń dùn wá. Ìgbà náà ni àwòrán yà sọ́dọ̀ ọkọ ìyàwó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti dá ohùn náà mọ̀.

Ẹ̀rín kú nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín la fi ń rín in. Tọjọ́ yẹn yí padà: ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jókòó, ẹkún wá bá a níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ẹ̀gbọ́n tèmi ni mò ń sọ, ọmọ ìyá mi, ẹni ọdún 69. Ó dìde ní ìjókòó rẹ̀, ó mú rárà náà pẹ̀lú obìnrin inú fíìmù, ibi tí ìyẹn bá ti mí ni òun ń fi tirẹ̀ sí. A sì ń gbè é, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó ń sun rárà kì í dá a sun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbè é lẹ́yìn. Àwọn obìnrin tí a ò bá wá, tí wọ́n jókòó lápá ọ̀tún, bá wa gbè é. Ó hàn pé ọmọ Òkè-Ògùn ni wọ́n.

Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ní 1979, ó yẹ kó sun rárà tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọ lẹ́nu ìyá bàbá wa, lálaalẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ahunṣọ bá ti kúrò nídìí òfì. Ọ̀sẹ̀ tí ìgbéyàwó kù sí ni bàbá wa kú. Àwọn àgbà ilé ní ẹkún kan ti gba ilé, kí ẹkún ìyàwó dúró ná. Ó dúró. Ọkọ náà dúró fún ọdún kan, kò dúró di ọdún kejì. Ẹ̀gbọ́n mi kó lọ sí Ìbàdàn, ó ń ta aṣọ òkè ní Ojé, owó aṣọ òkè yẹn ló fi rán èmi àti àbúrò wa níléèwé. Nígbà tó wá lọ́kọ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, kọ́ọ̀tù ni wọ́n lọ. Ó wọlé, ó fọwọ́ síwèé, wọ́n jẹ ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó rántí rárà.

Èmi àti àbúrò wa ò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ọdún náà. A rò pé ó ti gbàgbé ni. Inú gbọ̀ngàn yín la ti gbọ́ ọ, ó pé pérépéré, gbogbo oríkì ilé bàbá wa ló wà nínú rẹ̀, títí kan ti àwọn tí èmi ò mọ̀.

Àárín ìlà ló wà nígbà tí tọ́ọ̀ṣì dé ojú rẹ̀. Ọmọ yín fi èdè Òyìnbó sọ fún un pé kó jókòó tàbí kó jáde. Ó dákẹ́. Ó wá gèlè rẹ̀ lábẹ́ àga, kò rí i, ó jáde láì wé e. Nínú mọ́tò, ó bi mí pé, "Kí ni mo ṣe?"

Fíìmù obìnrin tó pa ohùn rẹ̀ mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó wá lanu níkẹyìn, nídìí rẹ̀ gan-an lẹ ti ní ká pa ẹnu mọ́. Mi ò mọ bí ẹ ò ṣe rí i.

3. Ẹ ní ilé sinimá kì í ṣe òde ìnáwó.

Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín pé bí wọ́n bá ń ṣeré, kí òǹwòran máa wò bí ère? Kì í ṣe àwọn baba yín.

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ará Scotland, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin. Àwọn eégún aláré ṣeré lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn jáde gẹ́gẹ́ bí òyìnbó: ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fa aáṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Clapperton kọ ọ́ pé àwọn òǹwòran ò yé ké sí òun, pé kí òun wò ó dáadáa, pé ṣé òun rí i bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ni wọ́n ń ké sí! Ó ní òun ṣe bí ẹni pé ó dùn mọ́ òun bó ṣe dùn mọ́ wọn. Ó ti tó nǹkan bí 200 ọdún báyìí. Láàfin Aláàfin, kò sí ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú.

Orí irú eré yẹn ni púpọ̀ nínú tiwa ti ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fo àlọ́, torí ọmọdé gan-an mọ̀ pé bí ẹ̀yin ò bá dáhùn "Ààlọ̀," apàlọ́ ò ní tẹ̀ síwájú. Ẹ wo Hubert Ogunde. Ọdún 1944 ló bẹ̀rẹ̀ eré ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó, nígbà tó sì di 1979, ó gbé fíìmù "Ayé" jáde. Ọdún tí rárà ẹ̀gbọ́n mi sọnù náà ni. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀gbọ́n mi tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló mú èmi àti àbúrò wa dání lọ wò ó nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán wà lórí tábìlì láàárín wa, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ, ìyá kan ń sọ "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," èkejì ń pe Ọlọ́run rẹ̀ lédè Lárúbáwá, àbúrò wa ti wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi pariwo lọ́dún náà nìyẹn. Ó pariwo mọ́ àwọn àjẹ́ yẹn bíi pé àwọn ló pa bàbá wa. Ara rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tá a ń bọ̀ wálé.

Ẹ wo Bàbá Sàlá náà, Moses Olaiya Adejumo. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ "Ọ̀run Móoru" jáde ní 1982, bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ẹ ní láti wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, torí ẹ̀rín èrò á ti gbé ìdajì mì. Èèyàn sì máa ń wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Òde ìnáwó nìyẹn jẹ́, àbí kí lẹ fẹ́ pè é?

4. Ẹ ní àwọn òǹwòran ò gba tiẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gba tiẹ̀ rèé. A dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí títí àwọn tó kù fi jáde. Wọn ò kọjá lára wa. Wọ́n yí wa ká, wọ́n ń sọ ìparí rẹ̀ fún wa, ẹnu wọn ò sì kò. Àwọn kan ní ẹ̀gbọ́n ṣe é dáadáa, àwọn kan ní ọkùnrin yẹn ò yẹ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin kan ń fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìlọrin, ó ń sunkún, ó ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, pé òun kàn ní kí òun kí i ni. Ọmọkùnrin tó ní ká fọkàn balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí kọnkéré, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tán.

Ohun tẹ́ ẹ pè ní àìgba tiẹ̀ nìyẹn.

Ohun kan wà tó ṣeé ṣe kó máà yé ọkùnrin tó lọ fẹjọ́ sùn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹ̀rín méjì ló máa ń wáyé ní gbọ̀ngàn yín bí fíìmù Yorùbá bá wà lójú ògiri. Àwọn tó ń ka Òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí ìwé ti sọ ọ́ kí òṣèré tó lanu. Àwa tá a ń fetí gbọ́ á wá rẹ́rìn-ín tiwa tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yẹn wà nínú ẹ̀rín àkọ́kọ́, bí tiwa bá wá dé, á wẹ̀yìn bíi pé a ń da òun láàmú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo ni wọ́n fi túmọ̀ ẹ̀gbọ́n, òun náà ni wọ́n fi túmọ̀ àbúrò. Ẹni tó ń ka ìyẹn, obìnrin méjì tó fẹ́ràn ọkùnrin kan ló rí. Àwa, ẹni tó san owó iléèwé la rí, pẹ̀lú ẹni tí wọ́n san án fún. Fíìmù méjì la wò lọ́jọ́ náà, èmi àti òun. Ó kàn jẹ́ pé fíìmù tiẹ̀ lẹ gbà gbọ́.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aago mọ́kànlá òwúrọ̀. Aago mọ́kànlá, àwa wà ní ṣọ́ọ̀bù. Akẹ́kọ̀ọ́ wà ní kíláàsì. Òṣìṣẹ́ wà ní Sẹkitéríátì. Bí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí, ẹ ó wo ìwé, ẹ ó ní èèyàn mẹ́rin ló wá, ẹ ó sì yọ fíìmù náà kúrò pátápátá. Ẹ di ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀ tán, ẹ ní kò rìn. Ẹ sì mọ ibi tí owó wà ju èmi lọ. Fíìmù Funke Akindele tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ti ìyá kan àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún, ló kọ́kọ́ pa ju ₦1,000,000,000 lọ ní ilé sinimá Nàìjíríà. Mo wò ó. Ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń dùn mí kó tó dé ìdajì, kò sì sẹ́ni tó dákẹ́ nínú ilé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

5. Àwọn tó ń fi fóònù ká fíìmù.

Ní ìlà kẹta láti iwájú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ká gbogbo ibi ìgbéyàwó yẹn sílẹ̀. Iná fóònù rẹ̀ tàn débi tí mo fi rí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọmọ yín kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọn ò sọ nǹkan kan fún un. Ọ̀gá, àwọn tó ń ṣe àdàkọ ló gba èrè "Ọ̀run Móoru" mọ́ Bàbá Sàlá lọ́wọ́, gbèsè ni fíìmù tó mú gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rẹ́rìn-ín fi sí i lọ́rùn. A ti ní òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022. Ẹni tó ń jalè dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ń gbè rárà, ẹ lé e.

6. Gúgúrú.

Lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gba gúgúrú àti ẹ̀pà tí a rà ní Gbági lọ́wọ́ wa, ẹ wá ta gúgúrú fún wa nínú ilé, ₦3,000 fún àpò kékeré. Kò sí ẹ̀pà níbẹ̀. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

7. Ohun tí a fẹ́.

Ẹ dá ₦70,000 wa padà, tàbí kẹ́ ẹ fi fíìmù náà hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láì gba kọ́bọ̀. Òfin ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà wà, àjọ tó ń bójú tó o sì wà. Mi ò fẹ́ dé ibẹ̀, àmọ́ mo mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ dá fíìmù náà padà sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ tó sọ ẹni tó gba tiẹ̀ àti ẹni tí kò gba tiẹ̀.

Ẹ ya ìfihàn kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, fún àwọn tó fẹ́ máa dáhùn, kí wọ́n máa gbè, kí wọ́n máa bá òṣèré jà. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà síta, kí ẹni tó fẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lè mọ ọjọ́ tirẹ̀. Bí mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdákẹ́jẹ́ẹ́, màá dákẹ́, màá sì pa fóònù mi. Ẹni tó san owó láti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́tọ̀ọ́ tirẹ̀. Ká tó wọlé ló yẹ kí oníkálukú ti mọ èyí tó rà.

Ẹ kọ òfin yín ní Yorùbá pẹ̀lú. Òyìnbó nìkan ló wà lára ilẹ̀kùn yín, ó sì jẹ́ pé fíìmù Yorùbá lẹ pè wá wá wò. Àwa mẹ́rìnlá, ẹni mẹ́fà péré ló lè kà á.

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé ilẹ̀ ni wọ́n ń tan tọ́ọ̀ṣì sí bí wọ́n bá fẹ́ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ sí i létí. Mi ò bínú sí wọn. Ọmọ ọdún bí ogún ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn ni wọ́n jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ wá gèlè ẹ̀gbọ́n mi rí, ó sáré gbé e bá wa ní ìgbọ́kọ̀sí, ó kúnlẹ̀ fún un. Bí ẹ bá fẹ́ lé e nítorí pé mo sọ èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ rán èèyàn sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ẹ má sì fún mi ní ìwé kí n bá yín gbé e lọ. Ẹ rán ẹni tó lẹ́nu, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà, kó lọ bá a ní Ojé lọ́jọ́ ọjà, kó sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan.

Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, èmi àti àbúrò mi máa ti ṣọ́ọ̀bù, a máa wá ní aago mọ́kànlá yín yẹn láti wo ogún ìṣẹ́jú tó kù. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun ò wá. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ mọ́ tiwa, ìjókòó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà, kó lè rí ààyè dìde.

Èmi ni,
Akọ̀wé àwa mẹ́rìnlá,
Gbági tuntun, Ìbàdàn.